Fẹ́ǹsì mi ní Apẹtẹ, èyí tí mo kọ́ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ má bínú sí mi tó bá gùn o, inú fóònù ni mo ti ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ látọjọ́ tí típà àkọ́kọ́ ti da yanrìn sílẹ̀, mo kàn wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ báyìí ni. Fẹ́ǹsì lásán ni mo fẹ́ mọ. Ilé ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ti lé lọ́dún 3 tá a ti ń gbé inú ẹ̀ láìsí ògiri kankan tó yí i ká, gbogbo ewúrẹ́ tó wà ní Apẹtẹ n'Ìbàdàn níbí ló sì mọ ẹ̀yìnkùlé mi ju èmi alára lọ. Wọ́n jẹ ewédú, wọ́n jẹ ṣọkọ, lọ́jọ́ kan wọ́n jẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi lórí okùn. Ìyàwó mi ní òun ò ní gbin ewé kankan mọ́ àfi tí mo bá mọ fẹ́ǹsì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Púlọ́ọ̀tì kan ni, ẹsẹ̀ bàtà 50 níwájú, 100 wọnú lọ sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá yí i po, 300 ẹsẹ̀ bàtà ni, bíi mítà 91. Alhájà tó wà lápá òsì mi ti mọ tiẹ̀ láti ọdún pípẹ́, torí náà 100 ti kúrò níbẹ̀, ó ku 200. Mo yọ 14 fún géètì, ó ku 186. Bàbá Táyé, bíríkìlà mi, ní búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íǹṣì 18, tá a bá ti fi íǹṣì kan kún un fún símẹ́ńtì àárín ó di 19, kọ́ọ̀sì kan, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan yí ká, á jẹ 118. Kọ́ọ̀sì 3 nínú ilẹ̀, 8 lókè, 11 nìyẹn. Kọ́ọ̀sì 4 ló ń di mítà kan, nítorí náà 8 tó wà lókè jẹ́ mítà 2 gééré, ẹni tó bá ga gan-an nìkan ló lè yọjú wò wá. 118 lọ́nà 11, ó di 1,298, mo wá ra 1,300. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín o, búlọ́ọ̀kù 2 péré ni mo fi ṣe àfikún fún èyí tó máa fọ́, bí ẹni pé àwọn lébìrà máa ń gbé e bí ẹyin. Oníńṣì 6 ni, ₦600 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦780,000, a ò tíì ra símẹ́ńtì o.

Kí n tó sanwó, mo ṣe ohun tí bàbá mi máa ń ṣe. Mo gbé ọ̀kan dé ìbàdí, mo jù ú sílẹ̀. Ní ibi tí mo kọ́kọ́ dé, ńṣe ló fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi bísíkíìtì. Ọmọ tó ń tà á ní "Ẹ̀gbọ́n, àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ́n." Mo ní ṣé ti àná lo wá fẹ́ kó fún mi? Búlọ́ọ̀kù tí wọn ò bá bomi rin fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, yanrìn tó ń ṣe ojú ayé ni. Mo bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì lọ́nà Awótán, tiẹ̀ balẹ̀ gbì, igun kan ló ṣẹ́ lára ẹ̀, ìyókù wà bó ṣe wà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti rà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ààlà. Ibí gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe tó ná mi lówó jù, kì í sì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà rárá, iṣẹ́ ojú ni. Ilẹ̀ mi ní bíkìnì 4, òpó kọ́ńkéré kéékèèké tí sọ̀fíyọ̀ rì mọ́ igun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ ta okùn, ẹyọ kan la rí, ti ẹ̀yìn lápá Alhájà. Ti iwájú lápá ọ̀tún, ó dá mi lójú pé gíréédà tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù gbà wá tún ọ̀nà ṣe ló gbé e lọ. Ti iwájú lápá òsì, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, igbó ti bò ó. Bàbá Táyé fi ọwọ́ nu òógùn, ó ní "Dádì, kí lẹ tún ń wá kiri? Ẹ jẹ́ ká ta okùn láti fẹ́ǹsì Alhájà lọ sí ti Ẹnjiníà lọ́hùn-ún, iwájú gbogbo àdúgbò á gún régé." Lójú mi, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ta ló máa rí fẹ́ǹsì tó gún láti òpin ọ̀nà dé òpin ọ̀nà tí á wá ní òun fẹ́ wọnú ju ti àwọn tó kù lọ? Sọ́fè mi, ìwé tó fi ìwọ̀n àti ààlà ilẹ̀ hàn, wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò tiẹ̀ yọ ọ́ wò.

A gbẹ́ ilẹ̀. Jíjìn ẹsẹ̀ bàtà 3, fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Kọ́ńkéré tó nípọn ní íǹṣì 6 la dà sí ìsàlẹ̀, símẹ́ńtì 1, yanrìn 2, gíránáìtì 4, hẹ́dípáànù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, mo sì dúró tì wọ́n torí mo mọ̀ pé tí mo bá yí ẹ̀yìn padà 2 yẹn á di 4. Lọ́jọ́ karùn-ún iwájú ti dé kọ́ọ̀sì 5, 3 nínú ilẹ̀ 2 lókè. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó. Ó ní àgbà ti ń dé bá mi.

Lọ́jọ́ Tuesday tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ àwọn Town Planning, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, dúró síwájú ilé. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn àti ọkùnrin 2. Wọ́n kí wa dáadáa o, "Ẹ kú iṣẹ́, á tọ́jọ́ láṣẹ Èdùmàrè." Obìnrin yẹn wá ní "Ẹ̀yin lẹ nilé, sà? Ẹ jọ̀ọ́, ìwé àṣẹ fẹ́ǹsì yín dà?" Mo ní mo ti gba àpúrúfà ilé yìí látọjọ́ yìí wá, mà, ó wà nílé. Ó ní ti ilé kọ́ lòun bèèrè. Mo sáré wọlé lọ mú pùlánù tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà náà, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé ààlà ilẹ̀ yí ká, ó ní "Ẹ bá mi wá fẹ́ǹsì nínú ẹ̀." Kò sí fẹ́ǹsì nínú ẹ̀. Ẹni tó yà á fún mi ò yà á, èmi náà ò sì bèèrè. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yẹn wá gbé agolo ọ̀dà jáde, ó fi X pupa kan tó tóbi sára búlọ́ọ̀kù mi, ó kọ STOP sábẹ́ ẹ̀, ó kọ déètì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti ń wá kí mi bí ẹni tó ṣòfò. Bàbá alága lánlọ́ọ̀dù jókòó sí pálọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ó ń mi orí.

Mi ò lè bínú sí wọn, torí èmi ni mi ò bèèrè. Mo rò pé fẹ́ǹsì ò jẹ́ nǹkan kan, àwọn tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Town Planning ń wá. Ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ kejì, obìnrin yẹn ló là mí lóye, ó ní sùúrù ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní òfin tó sọ̀rọ̀ ìgbékalẹ̀ ìlú, nọ́ńbà 88 ti 1992, tí wọ́n ṣe láyé àwọn ológun, kò ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára fẹ́ǹsì. Ohunkóhun téèyàn bá kọ́, ìbáà jẹ́ sínú ilẹ̀, sórí ẹ̀ tàbí sábẹ́ ẹ̀, ìdàgbàsókè ni wọ́n pè é, ó sì ń fẹ́ àṣẹ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Lẹ́kí ti ka òfin fún mi lórí fóònù lánàá, ó ní bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni gíga fẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ mọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ti Èkó nìyẹn, sà. Ó ní Èkó gan-an ló gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wá dá a ní 2003 pé ọ̀rọ̀ ìgbékalẹ̀ ìlú, ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà, nítorí náà kí n má fi òfin Lẹ́kí mọ fẹ́ǹsì ní Apẹtẹ. Èyí wọ̀ mí létí. Mélòó nínú wa ló ń gbọ́ nǹkan lẹ́nu ẹni tó ń gbé ìlú míì tá à ń gbé e ṣe bí òfin?

Ohun tí wọ́n ní kí n mú wá: sọ́fè, ìwé tí mo fi ra ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí owó orí, àti àwòrán fẹ́ǹsì tó fi gíga ẹ̀ hàn, ibi tí géètì máa wà àti ibi tí omi máa gbà. Lẹ́yìn náà wọ́n máa wá wo ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo bi í pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń wò gan-an, torí ó yé mi pé owó ni gbogbo wa máa ń rò. Ó fi bírò ya nǹkan sẹ́yìn fáìlì kan. Ó ní ohun àkọ́kọ́, ṣé inú bíkìnì yín lẹ wà, àbí ẹ ti yọ ẹsẹ̀ sórí ọ̀nà. Ó ní géètì gbọ́dọ̀ máa ṣí sínú, torí tó bá ń ṣí síta, ọ̀nà gbogbo èèyàn lẹ fi ń ṣe iyàrá yín. Ó ní ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ bá wà ní oríta, kó gé igun fẹ́ǹsì ẹ̀ kí ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ lè rí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì. Ó ní kí n má dí gọ́tà, kí n má dí ojú omi. Ó ní ti wáyà iná ńlá náà wà níbẹ̀: ti 132 kV, mítà 30 ni àyè ẹ̀, 15 lápá ọ̀tún 15 lápá òsì, ti 330 kV ní tiẹ̀ gba mítà 50, ẹ ò gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀. Ọlọ́run yọ mí, wáyà yẹn jìnnà sí mi, àmọ́ mo mọ ẹnì kan tó ra púlọ́ọ̀tì lábẹ́ ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ó ń bú àwọn tó tà á fún un títí dòní.

Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ odò, ojú ẹ̀ yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ ní Apẹtẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ní August 26, 2011, òjò rọ̀, odò Ọ̀nà kún, ó gbé afárá Apẹtẹ lọ, àwa tá a wà lódìkejì ò ríbi gbà lọ sí Ṣáńgò. Ó lé ní 100 èèyàn tó kú káàkiri Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àgbà á tún sọ ti odò Ògùnpa fún yín, Omíyalé August 1980. Obìnrin yẹn ní kí ẹ lọ wo ibi tí omi ti pa èèyàn, wọ́n ti mọ ilé tàbí fẹ́ǹsì sí ẹnu odò níbi tó pọ̀ nínú wọn. Báǹkì Àgbáyé yá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 torí ọ̀rọ̀ omi Ìbàdàn yìí, ẹnì kan sì wà níbì kan lónìí tó ń fi búlọ́ọ̀kù ₦600 dí i. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé mi lóòótọ́, ó tó mítà 40 sí ààlà mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ò kàn mí. Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Wọ́n wá, wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín ọ̀nà. Sọ́fè mi, tí mo wá yọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀nà iwájú wa jẹ́ mítà 9. Mítà 4 àbọ̀ láti àárín dé ojú ilẹ̀ mi nìyẹn. Ọkùnrin tó di téèpù mú dé ìdí búlọ́ọ̀kù mi, ó kà á: 3.3. Ó lọ sí ti Alhájà: 3.3. Ó sọdá: 3.3. Ọ̀nà mítà 9 ti di 6.6, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ ẹsẹ̀ bàtà 4, ìkejì bá a ṣe déédé, ìkẹta bá ìkejì ṣe déédé, èmi náà dé mo bá gbogbo wọn ṣe déédé. Mo bi obìnrin yẹn pé àwọn tó kù ńkọ́? Ó ní "Tiwọn ń bọ̀, sà. Tiyín ló ṣì rọ̀."

Gbólóhùn yẹn ti dé etí Alhájà kí ọkọ̀ wọn tó yí igun. Ó wá bá mi pẹ̀lú ìborùn léjìká, kò jókòó. "Ìwọ lo lọ pè wọ́n wá wọn ilé mi?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Ìyá, èmi ni wọ́n fi X sí lára o, ẹ wò ó. Ó ní ọdún 14 lòun ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé téèpù wá rí, àfi ìgbà tí èmi ní mo fẹ́ mọ fẹ́ǹsì. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Sọ̀fíyọ̀ ni iṣẹ́ tó kàn. Mo wá ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe ọmọ tó ń fi fóònù wọn ilẹ̀ kiri o. Ó ní tóun bá ti rí bíkìnì 2 tí ò tíì yẹ̀, òun á fi ìwọ̀n inú sọ́fè dá àwọn tó kù padà. Ọ̀kan ti wà, ó ku ọ̀kan, ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ la ti bá Bàbá àgbà tó ni oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn mi pàdé, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ìdílé wọn ló ta gbogbo àgbègbè yẹn. Wọ́n fara ti ọ̀pá, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀. Wọ́n ní "Ọmọ mi, kí lẹ ń wá?" Mo ní ààlà ni, Bàbá. Wọ́n na ọ̀pá sí igi pèrègún kan tó ti ga ju orí wa lọ. Wọ́n ní "Ààlà kọ́ nìyẹn? Bàbá mi ló gbìn ín."

Sọ̀fíyọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ṣáà mọ bí àwọn tó ti kàwé ṣe máa ń ṣe. Ó ṣe ìṣirò ẹ̀, ó wo inú ẹ̀rọ, ó ní kí lébìrà máa lọ, kó máa lọ, kó yà sí òsì díẹ̀, kó dúró. Ọmọ yẹn dúró sí ìdí pèrègún. Ó fi àdá ha ewé gbígbẹ tó ti jẹrà kúrò, ó ha á, ó ha á, àdá ró kọ̀ọ̀. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Orí bíkìnì ni, ewédò ti bò ó, gbòǹgbò pèrègún ti gbá a mọ́ra lápá kan bí ìgbà téèyàn bá fi apá mọ́ ọmọ. Mo fi omi inú ọ̀rá fọ̀ ọ́, mo fi àtàǹpàkò nù ún, nọ́ńbà yọ, ó bá ti inú sọ́fè mu. Ẹni tó kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ kìíní, ìdí pèrègún làwọn onílẹ̀ mú un lọ, ibẹ̀ ló sì rì í sí. Bàbá ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n kàn fi ọ̀pá gbá ìdí igi yẹn jẹ́ẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bíkìnì iwájú méjèèjì ti padà sáyè wọn. Ti òsì bọ́ sí ẹ̀yìn iwájú fẹ́ǹsì Alhájà ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Mo tètè fi yanrìn díẹ̀ bò ó kí Alhájà má baà rí i lọ́jọ́ yẹn gan-an.

A wó iwájú. Búlọ́ọ̀kù 115 ló wà níbẹ̀, 71 la rí kó pamọ́, ìyókù fọ́. Kọ́ńkéré ìsàlẹ̀ ò ṣe é yọ, ó ṣì wà nínú ilẹ̀ níwájú ilé mi títí dòní, mo ti fi ta ọ̀nà lọ́rẹ. Bàbá Táyé bẹ̀ mí, ó ní òun ló sọ pé ká bá Alhájà ṣe déédé, òun ò ní gba owó iṣẹ́ iwájú lẹ́ẹ̀kejì. Mo fún un ní ìdajì, torí èmi ni sọ́fè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìwé àṣẹ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3. Mo ṣe ẹ̀dà ẹ̀, mo kì í sínú ọ̀rá, mo so ó mọ́ ara igi níwájú ilé kí ẹnikẹ́ni tó bá dé lè rí i.

Títún un kọ́ yá ju tàkọ́kọ́ lọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Pílà ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10, rọ́ọ̀dù 12 mm mẹ́rin mẹ́rin, òrùka ẹ̀ jẹ́ 8 mm. A ń rẹ búlọ́ọ̀kù sómi kí wọ́n tó gbé e sórí ara wọn, torí búlọ́ọ̀kù gbígbẹ máa ń fa omi inú símẹ́ńtì mu, kò ní lẹ̀ dáadáa. Símẹ́ńtì 1 sí yanrìn 6. Ní ìparí May, ọ̀tún àti iwájú ti parí, ẹ̀yìn náà ti dé kọ́ọ̀sì 8 lókè ilẹ̀. Mo tún ya fọ́tò. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan.

Òjò June wá dé. Lóru ni, ẹ mọ òjò Ìbàdàn tó bá fẹ́ ṣe é, àtìgbà tí wọ́n ti pa iná láago 10 ló ti ń dà títí ìdájí. Mo ń gbọ́ nǹkan kan bíi gbùù láàárín ẹ̀, mo rò pé àrá ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ bàtà 20 nínú fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ti sùn sórí ẹ̀gẹ́ Bàbá. Ó sùn gbalaja, ó ṣì wà ní kọ́ọ̀sì kọ́ọ̀sì, bí ẹni pé ẹnì kan rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀. Omi tó kù sínú ọgbà mi ṣì dé kókósẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agbòjò, ó wá yé mi. Àdúgbò wa ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ọ̀nà lọ sí odò. Omi ilé Alhájà, ti Ẹnjiníà àti ti òdìkejì ọ̀nà, inú ilẹ̀ mi ni gbogbo ẹ̀ máa ń gbà kọjá lọ sódò láti ayébáyé, mi ò sì mọ̀, torí kò sí nǹkan tó dá a dúró rí. Mo wá mọ ògiri mítà 2 sójú ọ̀nà ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí fún mi ní ihò omi nínú o! Bàbá Táyé ṣí 2, kékeré, ó sì ṣí wọn sí kọ́ọ̀sì kejì, omi ní láti kọ́kọ́ ga dé orúnkún kó tó rí ibi jáde. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti rẹ ìdí ògiri, ilẹ̀ ti rọ̀, omi tó wà lẹ́yìn ń tì í. Odò wà ní mítà 40 lóòótọ́, àmọ́ omi ò dúró síbẹ̀ dè mí, àárín ọgbà mi ló ń gbà lọ síbẹ̀.

Mo lọ bẹ Bàbá pẹ̀lú owó ẹ̀gẹ́ nínú àpò ìwé. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní "Omi mọ ilé ẹ̀. Ìwọ lo jókòó sí i lẹ́nu ọ̀nà." Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ ṣe wọ́n lóore, kí n kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wá fún àwọn, ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù ní ọ̀nà ahéré wọn. A kó o fún wọn, Bàbá Táyé bá wọn tò ó. 104 ló wó, 60 ló ṣì ṣe é lò. Mo ra 100 sí i.

Báyìí, páìpù oníńṣì 4 ló wà ní ìdí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 5, mẹ́wàá ni gbogbo wọn, ẹnu wọn bá ilẹ̀ dọ́gba, mo sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan kí ewé àti ọ̀rá má baà dí i. Mo tún la gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kó máa darí omi lọ síbi tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Òjò mẹ́ta ńlá ti rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Mo máa ń jí lóru lọ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, omi ń tú jáde nínú páìpù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣọ̀ọ̀, ó wù mí débi pé mo máa ń pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó ní orí mi ò pé mọ́.

Géètì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wẹ́dà ti kọ́kọ́ ṣe ìdè ẹ̀ kó máa ṣí síta, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó wà ní àdúgbò yìí ṣe ṣe é. Mo ní gbólóhùn yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́, ó bá yí i padà. Àwọn tó fi X sí i wá, wọ́n wọ̀n ọ́n, 4.5 pé pérépéré, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọn ò tíì fi nǹkan kan sí ara ti Alhájà, mi ò sì bèèrè. Ó ti ń kí ìyàwó mi báyìí, èmi ló ṣì kù.

Ọ̀dà ló kù, àti kọ́ńkéré abẹ́ géètì. Torí pé ilẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sínú, abẹ́ géètì ṣí sílẹ̀ tó íǹṣì 7, mo ní kò le, tó bá di ìparí oṣù a máa dí i. Láàárọ̀ yìí, mò ń fọ eyín lójú fèrèsé, mo rí ọmọ ewúrẹ́ kan tó fi ikùn wọ́lẹ̀ gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, ó dìde, ó gbọn ara ẹ̀, ó kọrí sí ọ̀nà ewédú tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ìyá ẹ̀ dúró níta, ó fi orí sí abẹ́ géètì, ó ń wọ̀n ọ́n.